Awọ, egungun àti ìwo: ohun tí Jefferson fi dá Buffon lóhùn

Akọ̀wé_Òru
Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Mo ń ka àwọn lẹ́tà tí Thomas Jefferson kọ nígbà tó jẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Paris, kó tó di ààrẹ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè dá nìkan kà kí n sì dákẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, 1787, ló kọ ọ́ sí Comte de Buffon, àgbà onímọ̀ nípa ẹranko tó ti ń ṣàkóso Ọgbà Ọba ní Paris láti 1739. Kò sí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí òwò tábà nínú rẹ̀. Lẹ́tà náà ń sin ẹrù kan lọ ni: egungun àti awọ múùsì kan, ìwo múùsì mìíràn, ìwo caribou àti ìwo elk (ìbátan múùsì ni àwọn méjèèjì), àti ti oríṣi àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà mẹ́ta. Fún ẹni tí kò mọ múùsì, ẹranko ilẹ̀ òtútù ni, ó jọ àgbọ̀nrín lójú, ṣùgbọ́n akọ rẹ̀ tó bá dàgbà a máa ga tó mítà 2 ní èjìká, ọ̀pọ̀ wọn a sì wọ̀n ju 500 kílò lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ni olóṣèlú ń fi òkú ẹran ṣe. Ohun tó fà á nìyí. Buffon ti kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀, Histoire naturelle, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1749, pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tutù, ó sì rin ju bó ṣe yẹ lọ. Pé ìyẹn ló jẹ́ kí ẹranko ibẹ̀ kéré, kí oríṣi wọn má sì pọ̀ bíi ti Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà. Ó ní ẹran ọ̀sìn tí wọ́n bá kó lọ síbẹ̀ náà ń kéré sí i ni. Ó ní kí a wo erin, kí a wá wo tapir tó jẹ́ ńlá tiwọn ní gúúsù Amẹ́ríkà. Kí a wo kìnnìún, kí a wá wo kúgà. Kí a wo ràkúnmí, kí a wá wo llama. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró lórí ẹranko. Ó ní àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá kò lágbára, wọn kò nírun lára, ara wọn kò sì gbóná sí ìfẹ́. Bẹ́ẹ̀ Buffon kò fi ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí.

Ó máa ń dùn mí gan-an tí ẹnìkan bá jókòó sí Yúróòpù tó ń ṣèdájọ́ ilẹ̀ tí kò dé rí. Ìdí nìyẹn tí èsì Jefferson fi wọ̀ mí lára. Kò bú àgbàlagbà náà. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ẹran wá. Ẹ bá mi dá sí i.

Tísà_Bàọ́lọ́jì
Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ fún Buffon ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ńlá ni. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sọ pé ayé kò ju bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà lọ, òun mú kí bọ́ọ̀lù irin gbóná janjan nínú iná, ó ka iye àkókò tí wọ́n fi tutù, ó sì fi ìṣirò yẹn kọ ọ́ ní 1778 pé ayé ti tó nǹkan bí 75,000 ọdún. Iye yẹn kéré gan-an sí ohun tí a mọ̀ lónìí, àmọ́ ẹ wo ìgboyà tó gbà láti kọ ọ́ nígbà ayé ọba àti àlùfáà. Òun náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ronú dáadáa pé ibi tí ẹranko ń gbé lè yí ìrísí rẹ̀ padà.

Ibi tó ti ṣìnà ni pé ìròyìn arìnrìn-àjò ló gbára lé, àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò wọn nǹkankan, tí wọn kò gbé nǹkankan sórí òṣùwọ̀n. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ òtútù tó fi ṣe ìpìlẹ̀ gan-an tún dorí kodò. Ní 1847, onímọ̀ ará Jámánì kan, Carl Bergmann, kọ ọ́ pé láàárín àwọn ẹranko ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná tó bá ara wọn tan, àwọn tó ń gbé níbi tó tutù ló sábà máa ń tóbi jù. Ara ńlá kì í tètè pàdánù ooru, nítorí pé awọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ẹran tó wà nínú. Òtútù tí Buffon ní ó sọ ẹranko Amẹ́ríkà di kékeré wà lára ohun tó sọ múùsì di òmìrán.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìgbómìnà
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo kí yín o. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí wọn, èmi náà sì tẹ̀lé wọn wọ igbó kí n tó wá sí ìgboro. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ta ló pa ẹran náà? Báwo ni wọ́n ṣe gbé ẹran tó ga ju ènìyàn lọ jáde nínú igbó? Báwo ni wọ́n ṣe tọ́jú awọ tó fi la òkun kọjá?

Akọ̀wé_Òru
Ẹ ṣé, Ọmọ Ọdẹ, ìtàn tó wà níbẹ̀ pọ̀.

John Sullivan ni Jefferson bẹ̀ níṣẹ́. Ọ̀gágun ni nígbà ogun òmìnira, òun sì ni olórí ìpínlẹ̀ New Hampshire nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Láti 1784 ni Jefferson ti ń kó ìbéèrè nípa múùsì ránṣẹ́ sí òun àti àwọn mìíràn: báwo ló ṣe ga tó, kí ló ń jẹ, ṣé lóòótọ́ ni pátákò rẹ̀ máa ń dún gbàgbàgbà bó bá ń sáré. Nígbà tó dé Paris tó rí i pé ìwé nìkan kò ní yí Buffon lọ́kàn, ó kọ lẹ́tà sí Sullivan ní 7 oṣù Kìíní, 1786, pé ẹran fúnra rẹ̀ ni òun ń fẹ́. Ó là á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ṣe é: kí wọ́n fi egungun ẹsẹ̀ àti pátákò sílẹ̀ nínú awọ, kí wọ́n fi egungun orí sílẹ̀ pẹ̀lú ìwo, kí ó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rán ọrùn àti ikùn rẹ̀ pọ̀ ní Paris, ẹran náà á dúró ní ìrísí àti ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

Ó di oṣù Kẹta 1787 kí Captain Colburn, ẹni tí Sullivan gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, tó kó àwọn ọkùnrin bí 20 wọ inú igbó Vermont, nínú yìnyín. Wọ́n pa ọ̀kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Àwọn ló la ọ̀nà gba inú igbó kí wọ́n tó lè wọ́ ọ jáde. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi gbé e dé ilé Sullivan ní Durham, ẹran ara rẹ̀ sì ti ń jẹrà kó tó débẹ̀. Wọ́n tún ṣiṣẹ́ gan-an kí wọ́n tó gba egungun kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú awọ. Àpótí dé èbúté Portsmouth, ọkọ̀ fi í sílẹ̀ lọ. Ìwé owó, tó lé ní pọ́n-ùn 40, ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ Jefferson, kó tó gbọ́ ibi tí ẹrù wà. Owó ara rẹ̀ ló sì fi san án. Ó di ìgbà ìkórè kí àpótí tó dé Faransé.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìgbómìnà
Ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó bó o! Ẹ má sọ fún mi pé irun awọ náà kò bọ́. Awọ tí a bá fẹ́ kí irun rẹ̀ dúró, ojú ibi tí a ti pa ẹran la ti ń bó o, a ó fá gbogbo ọ̀rá àti ẹran inú rẹ̀ kúrò, a ó fi iyọ̀ pa á, a ó nà án síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Tí ìdí irun bá ti rà, kò sí iyọ̀ tó máa dá a padà. Kí a wá dì í sínú àpótí, kí a gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ àìmọye. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n rí nǹkankan gbé jáde níbẹ̀ rárá.

Ohun kejì kò sì yé mi. Akọ̀wé sọ lókè pé ìwo múùsì mìíràn ni wọ́n fi síbẹ̀. Tí a bá pa akọ àgbọ̀nrín níhìn-ín, ìwo rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìwo ti èyí tí wọ́n pa wá dà? Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n wá ìwo ńlá níbòmíràn láti fi tan ọkùnrin yẹn jẹ.

Tísà_Bàọ́lọ́jì
Ìbéèrè yín dára, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú oṣù tí wọ́n pa á. Àgbọ̀nrín tiwa kì í wọ́ ìwo. Egungun wà nínú, èèpo líle bíi ti èékánná bò ó lóde, ó ń bá ẹran náà dàgbà títí tó fi kú. Ìdílé màlúù àti ewúrẹ́ ló wà. Múùsì, elk àti caribou wà ní ìdílé mìíràn. Egungun lásán ni ìwo wọn, wọn a hù ú tuntun lọ́dọọdún, wọn a sì wọ́ ọ dànù. Akọ múùsì máa ń wọ́ ìwo tirẹ̀ nígbà òtútù, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nígbà ìrúwé. Abo rẹ̀ kì í ní ìwo rárá. Ẹran tí wọ́n bá pa nínú oṣù Kẹta, ì báà ṣe akọ ì báà ṣe abo, orí rẹ̀ á mọ́ féfé.

Nítorí náà, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Sullivan sọ fún Jefferson pé ìwo náà kì í ṣe ti ẹran yìí, pé wọ́n kàn lè so ó mọ́ ọn.

Akọ̀wé_Òru
Jefferson náà kò sì fi pamọ́ fún Buffon. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà 1 oṣù Kẹwàá pé ìwo ẹlòmíràn nínú irú kan náà ni. Ó sọ pé awọ náà ní irun nígbà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bọ́, ìyókù sì fẹ́ bọ́. (Ọmọ Ọdẹ, ẹ rí i pé òótọ́ lẹ sọ.) Ó ní àwọn ìwo tí òun fi ránṣẹ́ kéré, pé òun ti rí èyí tó wúwo tó wọn ní ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹni tó fẹ́ borí nínú àríyànjiyàn, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ ka àléébù ẹ̀rí rẹ̀! Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni_Òtítọ́
Mo ti ń ka gbogbo yín láti òwúrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà míì. Ẹ̀ ń yin Jefferson jù. Ẹran kan ṣoṣo kò lè fi hàn pé ẹranko ilẹ̀ kan tóbi ju ti ilẹ̀ mìíràn lọ. Tí mo bá gbé ọkùnrin kan tó ga jù ládùúgbò mi wá, ṣé ìyẹn á fi hàn pé gbogbo ará àdúgbò mi ló ga?

Ohun mìíràn tún nìyí: múùsì wà ní Yúróòpù. Ó wà ní Sweden, ní Norway, ní Rọ́ṣíà, títí di òní. Irú kan náà ni àwọn onímọ̀ kà wọ́n sí. Buffon fúnra rẹ̀ mọ ti Yúróòpù sórí ìwé. Nítorí náà kí ni àpótí yẹn fi hàn gan-an? Mo rí olóṣèlú tó fẹ́ fi ohun ńlá kan dí ojú àgbàlagbà.

Akọ̀wé_Òru
Ọ̀gbẹ́ni, ẹ sọ̀rọ̀ gidi, ṣùgbọ́n múùsì nìkan kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀. Kó tó dé Paris ló ti kọ ìwé rẹ̀ lórí ìpínlẹ̀ Virginia, Notes on the State of Virginia, tó tẹ̀ ní Paris ní 1785, igba ẹ̀dà péré, láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó fi àtẹ sínú rẹ̀: orúkọ ẹranko ní apá kan, ìwọ̀n ti Yúróòpù ní apá kejì, ti Amẹ́ríkà ní ìkẹta. Béárì Yúróòpù, pọ́n-ùn 153.7, ti Amẹ́ríkà, 410. Bífà Yúróòpù, 18.5, ti Amẹ́ríkà, 45. Màlúù, tí Buffon ní ó ń kéré sí i tó bá dé ọ̀hún, 763 sí 2,500. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀n Yúróòpù yẹn, inú ìwé Buffon àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Daubenton ló ti mú wọn.

Kì í ṣe òun nìkan náà ló ṣiṣẹ́. James Madison, tó di ààrẹ kẹrin lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí i ní 19 oṣù Kẹfà, 1786. Ẹ̀yin ará, Madison tó jẹ́ baba òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní weasel, ó là á, ó wọn gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, láti imú dé ìdí ìrù, ó wọn kíndìnrín, ó wọn ìfun, ó sì to gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà tó tún ní ìròyìn òṣèlú nínú. Ohun tó kọ nígbẹ̀yìn ni pé ìwọ̀n yìí ta ko ẹni tó sọ pé gbogbo ẹranko tó wà ní ìhà méjèèjì, ti Amẹ́ríkà ló ń kéré. Weasel kò lè dí ojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni_Òtítọ́
Mo gba ti weasel. Ìyẹn wọ̀ mí létí ju ti múùsì lọ. Àmọ́ àwọn ìwọ̀n àtẹ yẹn ńkọ́? Èyí tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà ló gbé síwájú, ó sì fi wé èyí tí wọ́n bá níwọ̀n ní Yúróòpù. Màlúù 2,500 pọ́n-ùn kì í ṣe màlúù gbogbo ọjọ́.

Tísà_Bàọ́lọ́jì
Ọ̀gbẹ́ni, mo wà lẹ́yìn yín lórí ìyẹn. Èmi ò ní fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ní máàkì kíkún lórí àtẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Buffon ṣe sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kò sọ pé “ó sábà máa ń kéré”. Ó ní tí ẹranko kan bá wà ní ìhà méjèèjì, ti Amẹ́ríkà ló kéré, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ “gbogbo”, ẹyọ kan ti tó láti bì í ṣubú. Ọ̀nà yẹn ni weasel Madison fi lágbára.

Ti múùsì yàtọ̀ díẹ̀. Buffon ń da múùsì Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ reindeer, ìbátan múùsì tó kéré sí i. Jefferson sọ fún un pé reindeer lè gba abẹ́ ikùn múùsì kọjá, àgbàlagbà náà kò gbà á gbọ́ rárá. Ohun tí àpótí yẹn wà fún nìyẹn: kó rí i pé ẹranko méjì ni.

Kékeré_Adé
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Ìgbà wo ni wọ́n ríra? Kí ni Buffon wá sọ nígbà tó rí àpótí?

Akọ̀wé_Òru
Àbúrò, kò sí ìbínú. Kó tó kúrò ní Amẹ́ríkà ní 1784, Jefferson rí awọ kúgà kan tó tóbi níwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò fìlà ní Philadelphia, ó rà á, ó sì gbé e dání lọ sí Paris. Ó fi ránṣẹ́ sí Buffon nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan, Marquis de Chastellux. Buffon kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ ní 31 oṣù Kejìlá, 1785, ó sì pè é wá jẹun ní Ọgbà Ọba. Jefferson sọ ọ́ nígbà ogbó rẹ̀ pé àgbàlagbà náà kò bá òun jiyàn lọ́jọ́ yẹn. Ó mú ìwé rẹ̀ tuntun láti orí pẹpẹ, ó ní tí ọ̀gbẹ́ni Jefferson bá ti ka èyí tán, á rí i pé òun ló jàre. Nígbà tí wọ́n dórí ìwo àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà, tí Jefferson ní ó ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, Buffon fi ìgbónára dáhùn pé tó bá lè fi ẹyọ kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan han òun, òun á jáwọ́.

Ní ti àpótí náà, Buffon ti pé ẹni 80 ọdún nígbà yẹn, ara rẹ̀ kò sì yá. Daubenton ló bá wọn gbà á. Ohun tí Jefferson sọ fún Daniel Webster ní 1824 ni pé Buffon gbà, ó sì ṣèlérí pé òun á tún un ṣe nínú ìdìpọ̀ tó ń bọ̀. Ó kú ní 16 oṣù Kẹrin, 1788. Àtúnṣe yẹn kò jáde.

Tísà_Bàọ́lọ́jì
Ẹnu Jefferson nìkan la ti gbọ́ ìyẹn, ọdún 36 ó lé lẹ́yìn tí ẹnìkejì ti kú. Mo fẹ́ kí Kékeré Adé fi sọ́kàn. Ní ti ènìyàn, Buffon ti ń fà sẹ́yìn tipẹ́: nínú àfikún ìwé rẹ̀ ti 1777, ó kọ ọ́ pé kò tọ́ láti sọ pé àwọn ará àríwá Amẹ́ríkà ń rẹ̀yìn. Àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù méjì, Cornelius de Pauw àti Abbé Raynal, ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá ibi tí òun gbé e dé. Raynal ní àwọn ọmọ Yúróòpù tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà gan-an ń rẹ̀yìn. Ìtàn tí Jefferson sọ nípa ìyẹn dùn mọ́ mi: Benjamin Franklin ṣe àsè ní Passy, Raynal bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ̀, Franklin wò yíká tábìlì, ó rí i pé ìhà kan ni àwọn ará Amẹ́ríkà jókòó sí, àwọn ará Faransé wà ní ìkejì. Ó ní kí gbogbo wọn dìde kí wọ́n lè rí ìhà tó ti rẹ̀yìn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ga gbọ̀ngbọ̀nràn. Raynal ló kéré jù níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Richmond
Ẹ kú ìjíròrò o. Virginia ni mò ń gbé. Mo ti dé Monticello, ilé Jefferson. Bí ẹ bá wọ yàrá àkọ́kọ́, ìwo múùsì àti ti elk wà lára ògiri, pẹ̀lú egungun àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ nǹkan wọ̀nyí títí ó fi kú. Nígbà tó di ààrẹ, Lewis àti Clark tó rán lọ sí ìwọ̀-oòrùn fi ẹranko láàyè ránṣẹ́ sí i ní 1805: ẹyẹ magpie mẹ́rin, prairie dog kan (kì í ṣe ajá, ẹran kékeré tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ ni) àti ẹyẹ mìíràn kan. Magpie kan àti prairie dog yẹn ló dé láàyè.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Ẹ ṣí ìwé Notes yẹn kan náà, èyí tí àtẹ béárì àti bífà wà nínú rẹ̀. Jefferson gbèjà àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà níbẹ̀ lọ́wọ́ Buffon. Ó gbé ọ̀rọ̀ tí Logan, olórí kan nínú àwọn Mingo, sọ ní 1774 kalẹ̀, ó ní kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Yúróòpù tó jù ú lọ. Ó dára. Ẹ wá ṣí i síwájú, ẹ ó bá ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwa aláwọ̀ dúdú. Ó kọ ọ́ pé òun fura pé a rẹlẹ̀ sí aláwọ̀ funfun ní ara àti ní ọpọlọ. Ohun tí Buffon ṣe fún Amẹ́ríkà lòun náà ṣe fún wa, nínú ìwé kan náà. Ó tún wá burú jù, nítorí pé Buffon kò dé Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn wa ń gbé nínú ilé Jefferson. Ó ju 600 lọ tó fi ṣe ẹrú láyé rẹ̀. James Hemings, tó kó lọ sí Paris láti kọ́ oúnjẹ Faransé, wà níbẹ̀ nígbà tí àpótí múùsì dé.

Ọ̀gbẹ́ni_Òtítọ́
Arábìnrin, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ sọ pé ó pè é ní ìfura. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rí.

Àbẹ̀kẹ́_Richmond
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rí náà dé ọwọ́ rẹ̀. Benjamin Banneker, ọmọ bíbí Maryland, aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú, fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀. Ó wà lára àwọn tó wọn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Washington sí ní 1791. Ó ṣírò ìgbà tí oòrùn máa ràn àti ìgbà tó máa wọ̀, ó ṣírò ìgbà tí òṣùpá máa bò ó lójú, ó fi ṣe álímáńáàkì ti 1792. Ní 19 oṣù Kẹjọ, 1791, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da álímáńáàkì náà kọ, ó sì fi ránṣẹ́ sí Jefferson pẹ̀lú lẹ́tà. Ó rán an létí ohun tó kọ sínú Ìkéde Òmìnira, pé dọ́gbadọ́gba ni a dá gbogbo ènìyàn, ó sì bi í bó ṣe lè kọ ìyẹn kó tún máa di àwọn ènìyàn mú nígbèkùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé lẹ́tà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà 1787. Ẹnìkan ti kọ ohun tí kò tọ́ nípa àwọn ènìyàn kan. Ẹlòmíràn kò bú u. Ó gbé ẹ̀rí wá, ó sì fi lẹ́tà sìn ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Kékeré_Adé
Kí ni Jefferson wá sọ, mà?

Àbẹ̀kẹ́_Richmond
Ní 30 oṣù Kẹjọ ló dáhùn, ọjọ́ 11 péré. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni. Ó ní kò sí ẹni tó wù ju òun lọ láti rí irú ẹ̀rí yìí, pé òun ti fi álímáńáàkì náà ránṣẹ́ sí Condorcet, akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris. Wọ́n tẹ lẹ́tà méjèèjì pọ̀ ní Philadelphia ní 1792.

Banneker kú ní 1806. Ní 1809, Jefferson kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joel Barlow. Ó ní àwọn mọ̀ pé Banneker ní ìmọ̀ ìṣirò tó tó láti ṣe álímáńáàkì, àmọ́ pé ìfura wà pé aládùúgbò rẹ̀ aláwọ̀ funfun ràn án lọ́wọ́. Ó ní lẹ́tà gígùn tó kọ sí òun fi hàn pé ọpọlọ rẹ̀ kò ju ti ẹni yẹpẹrẹ lọ. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sunkún. Buffon, tó gbọ́n jù láyé nígbà rẹ̀, Jefferson sọ pé ó gbà fún un nítorí awọ tí irun ti bọ́ lára rẹ̀. Banneker gbé ìṣirò tó pé wá, Jefferson ní bóyá ẹlòmíràn ló ṣe é.

Ọ̀gbẹ́ni_Òtítọ́
Mi ò mọ̀ nípa lẹ́tà 1809 yẹn. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìfura. Ẹni tó ní òun fura, tí a mú ẹ̀rí wá fún, tó wá ń fura sí ẹ̀rí náà, kò fi àyè sílẹ̀ fún nǹkankan.

Ọmọ_Ọdẹ_Ìgbómìnà
Arábìnrin Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó dùn mí wọra. Tí ọdẹ bá gbé ẹran wálé, tí ẹnìkan ní òun kọ́ ló pa á, ìjà ńlá ni láàárín wa.

Tísà_Bàọ́lọ́jì
Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ẹ̀kọ́ lórí bí ẹ̀rí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú sáyẹ́ǹsì. Láti sáà tó ń bọ̀, lẹ́tà mẹ́ta ni mo máa gbé síwájú wọn: ti 1787, ti Banneker, àti ti 1809. Kí wọ́n fúnra wọn sọ ẹni tó tẹ̀lé ìlànà àti ẹni tí kò tẹ̀lé e. Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí wọn kà?

Àbẹ̀kẹ́_Richmond
Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, sà. Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ló gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Founders Online lorúkọ ojúewé náà. Ẹ fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́ wá a. Ti Madison lórí weasel náà wà níbẹ̀, 19 oṣù Kẹfà, 1786. Àtẹ ìwọ̀n rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́tà.

Akọ̀wé_Òru
Mo ti rí ti Banneker báyìí, mo ń kà á. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi tú u sí Yorùbá fún àwọn ọmọ kíláàsì Tísà, kó fi ìkíní ránṣẹ́ sí mi nínú àpótí lẹ́tà. Èmi á mú ìdajì àkọ́kọ́.

Kékeré_Adé
Èmi á mú ìkejì, ẹ̀gbọ́n.